Ẹ Má Ṣí Ẹnu Ọ̀nà Àkọsílẹ̀ Aláìsàn Sílẹ̀ fún Gbogbo Ayé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú akitiyan. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n lè fi bá àwọn dókítà tó ni ilé ìwòsàn aládàáni sọ̀rọ̀, pàápàá jù lọ àwọn tí wọ́n ti kó fáìlì aláìsàn kúrò nínú páálí, tí wọ́n sì kó o sínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe jẹun ní Ìbàdàn. Ilé ìwòsàn kéékèèké àti ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún mi. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń gbà wo àkọsílẹ̀ aláìsàn láti òde léwu púpọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà tó láàbò wà nílẹ̀ tí kò gba owó tó bẹ́ẹ̀.

N kò sọ pé kí dókítà má wo fáìlì láti ilé rẹ̀ o. Àwa tí a ń bá wọn ṣiṣẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi nílò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru lè tẹ dókítà láago pé ẹ̀jẹ̀ aboyún kan ti ru sókè, dókítà yóò sì fẹ́ mọ iye tó jẹ́ nígbà tí aboyún náà wá kẹ́yìn, oògùn tí wọ́n fún un lọ sílé, àti ohun tí àyẹ̀wò ìtọ̀ rẹ̀ fi hàn, kó tó lè sọ ohun tí nọ́ọ̀sì yóò ṣe. Àwọn mìíràn ní ẹ̀ka méjì, ọ̀kan ní Ìbàdàn, èkejì ní Ọ̀yọ́. Àwọn kan sì wà tí àgbà dókítà wọn ti japa lọ sí Manchester tàbí Houston, ṣùgbọ́n tó ṣì ń bá wọn yẹ èsì àyẹ̀wò wò láti ibẹ̀. Ẹni tó bá ní kí gbogbo wọn dúró di ìgbà tí wọ́n bá fẹsẹ̀ ara wọn wọ ilé ìwòsàn kò ro ti aláìsàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ìdí router, àpótí tó so kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Dókítà yóò sọ fún oníṣẹ́ pé òun fẹ́ máa rí software àkọsílẹ̀ òun láti ilé. Oníṣẹ́ yóò wọ ojú ewé tí wọ́n kọ port forwarding sí lórí router, yóò tẹ nọ́ńbà pọ́ọ̀tù kan síbẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí software ń gbà dáni lóhùn, yóò darí rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ wà nínú rẹ̀, bóyá èyí tí àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ 192.168.1.10, yóò tẹ Save, yóò gba owó rẹ̀, yóò sì máa lọ. Dókítà yóò dán an wò lórí fóònù, yóò rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni pé ẹnu ọ̀nà tí òun gbà wọlé yẹn kan náà ni gbogbo ayé lè dé, kò sì sí ohun tó dúró láàárín àlejò àti àkọsílẹ̀ ju ọ̀rọ̀ aṣínà kan lọ, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ orúkọ ilé ìwòsàn náà pẹ̀lú 123 nídìí.

Nọ́ńbà tí mo sábà máa ń bá lórí irú router bẹ́ẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. 3306 jẹ́ ti MySQL, àká dátà níbi tí OpenEMR àti OpenMRS, software àkọsílẹ̀ aláìsàn méjì, ń kó àkọsílẹ̀ sí gan-an. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wọlé kò tilẹ̀ nílò láti fojú kan software, àárín orúkọ, àìsàn àti èsì àyẹ̀wò gbogbo ènìyàn ló bọ́ sí tààrà. 3389 jẹ́ ti Remote Desktop lórí Windows, èyí tó máa ń fa gbogbo kọ̀ǹpútà náà lé àlejò lọ́wọ́ bí ẹni pé ó jókòó síwájú rẹ̀. 8080 ni Tomcat, software tí OpenMRS ń jókòó lé, sábà máa ń lò, bí wọn kò bá sì fi HTTPS, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú lójú ọ̀nà, bò ó, ọ̀rọ̀ aṣínà dókítà yóò máa kọjá ní ìhòòhò, tí ẹni tó wà lórí Wi-Fi kan náà ní hòtẹ́ẹ̀lì lè kà á.

Àwọn kan máa ń dá mi lóhùn pé, ta ló mọ ilé ìwòsàn àwọn, ta ló sì fẹ́ wá jí nǹkan níbẹ̀? Kò sí ẹni tó ní láti mọ̀ yín. Láti 2013 ni àwọn olùwádìí ní University of Michigan ti gbé irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ ZMap jáde, èyí tó lè kan pọ́ọ̀tù kan wò lórí gbogbo àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì irú IPv4 tó wà láyé láàárín ìṣẹ́jú 45, láti orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yá dáadáa. Shodan wà pẹ̀lú, ojúlé tí ènìyàn ti lè wá gbogbo ẹ̀rọ tó ṣí pọ́ọ̀tù kan sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan, bí a ṣe ń wá orúkọ ènìyàn lórí Google. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó ní kí oníṣẹ́ òun ṣí fáìlì auth.log, níbi tí gbogbo ìgbìyànjú láti wọlé ń wà lákọsílẹ̀, lórí server (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn) Ubuntu èyíkéyìí tó ń gba SSH, ọ̀nà ìwọlé láti òde tí n ó ṣàlàyé níwájú, láti íntánẹ́ẹ̀tì. Yóò rí "Failed password for root", yóò rí "Failed password for invalid user admin", lẹ́yìn èyí "invalid user test", "invalid user oracle", ìlà lórí ìlà, láti àdírẹ́sì tí kò mọ̀ rí, lọ́sàn-án àti lóru, títí kan ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ Kérésì. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é, kò sì mọ ilé ìwòsàn ńlá yàtọ̀ sí kékeré.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Finland, nítorí pé orí pọ́ọ̀tù 3306 yìí gan-an ló dá lé. Ilé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Vastaamo, tó ń tọ́jú àwọn tí ìdààmú ọkàn bá ń bá fínra. Ohun tí aláìsàn bá bá olùtọ́jú rẹ̀ sọ nínú yàrá ni wọ́n ń kọ sílẹ̀: ìgbéyàwó tó dàrú, ìfipábánilòpọ̀, èrò àtipa ara ẹni. Láti oṣù kọkànlá 2017 títí di oṣù kẹta 2019, pọ́ọ̀tù MySQL tí gbogbo èyí wà lẹ́yìn rẹ̀ wà ní ṣíṣí sí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí firewall tó ń dá àlejò dúró. Ẹnì kan wọlé, ó sì kó o lọ. Ní 2020 ó béèrè bitcoin 40 lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọn kò san án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó sì yíjú sí àwọn aláìsàn fúnra wọn, ó ń kọ̀wé sí oníkálukú pé kí ó san 200 Euro láàárín wákàtí 24, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owó náà yóò di 500. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 33. Vastaamo kógbá sílé ní 2021, àjọ tó ń rí sí ààbò dátà lọ́hùn-ún sì bu ìtanràn 608,000 Euro lé e. Ní oṣù kẹrin 2024, ilé ẹjọ́ kan dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́ta fún ẹni tí wọ́n ní ó ṣe é.

Kí ẹni tó bá ń kà á má ṣe rò pé ti òyìnbó nìyẹn. Nínú fáìlì ilé ìwòsàn tiwa ni èsì àyẹ̀wò HIV wà, ibẹ̀ ni jínótáìpù ọmọ tí àwọn òbí kò tíì sọ fún àwọn àna wà, ibẹ̀ náà ni àkọsílẹ̀ tọkọtaya tó ń wá ọmọ wà, èyí tí ìyá ọkọ pàápàá kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹni tó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ nílẹ̀ Yorùbá kò ní láti béèrè bitcoin. Nọ́ńbà fóònù àwọn ìbátan tí nọ́ọ̀sì kọ sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù ti tó fún un.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n ti ṣe irinṣẹ́ tó ń dí irú ihò bẹ́ẹ̀. Ní 1995, Tatu Ylönen, tó wà ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Helsinki nígbà náà, ṣe SSH lẹ́yìn tí àwọn kan ti lúgọ sórí okùn kọ̀ǹpútà yunifásítì náà tí wọ́n ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà kó. Pọ́ọ̀tù 22 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Lónìí, OpenSSH rọrùn láti rí lórí Linux, Windows 10 náà sì ti ń gbé e wá láti 2018. Ọ̀fẹ́ ni.

Iṣẹ́ tí SSH ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí ni pé ó ń la ọ̀nà abẹ́lẹ̀ láàárín kọ̀ǹpútà dókítà àti kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn. Àwọn oníṣẹ́ ń pe èyí náà ní port forwarding, nítorí náà ni àwọn kan ṣe rò pé ohun kan náà ni pẹ̀lú ti router. Ti router ń mú ẹnikẹ́ni tó bá kanlẹ̀kùn lọ síwájú àkọsílẹ̀. Ti SSH kì í mú ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan títí tí onítọ̀hún yóò fi fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ìyẹn fáìlì kan tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, hàn, ohun gbogbo tó bá sì gba inú rẹ̀ kọjá ti di àdììtú fún ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà, ìbáà jẹ́ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ ẹni tó ni Wi-Fi.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, kí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lè rí i wò. Mo máa ń kọ́kọ́ yọ 3306, 3389 àti 8080 kúrò lórí router. Lẹ́yìn náà, nínú fáìlì ètò MySQL, mo máa ń kọ bind-address = 127.0.0.1, kí MySQL má baà dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́ àfi kọ̀ǹpútà tí òun fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Software tó wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà yóò ṣì máa bá a sọ̀rọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì tó wà nínú ilé ìwòsàn yóò sì máa lo software náà lórí HTTPS láìsí ìdíwọ́. Dókítà yóò fi àṣẹ ssh-keygen -t ed25519 ṣe kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, yóò fi gbólóhùn aṣínà tì í, yóò sì fi apá tó jẹ́ ti gbangba ránṣẹ́ sí mi. Apá tó jẹ́ àṣírí kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, èmi pàápàá kò gbọdọ̀ rí i. Lórí server, PasswordAuthentication yóò di no, PermitRootLogin yóò di no, kí àwọn ẹ̀rọ tó ń gbìyànjú ọ̀rọ̀ aṣínà lóru máa kan ògiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́ dókítà nínú authorized_keys, fáìlì tí àwọn kọ́kọ́rọ́ tí server gbà wà nínú rẹ̀, mo máa ń kọ restrict,port-forwarding,permitopen="127.0.0.1:443", kí kọ́kọ́rọ́ náà má lè la ọ̀nà lọ síbòmíràn ju ibi tí software wà lọ.

Nígbà tí dókítà bá wà nílé tó sì fẹ́ wo fáìlì, ìlà kan ni yóò tẹ̀, kó fi àdírẹ́sì ilé ìwòsàn rọ́pò ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn:

ssh -N -L 8443:127.0.0.1:443 dokita@adiresi

Ohun tó ń sọ ni pé kí pọ́ọ̀tù 8443 lórí kọ̀ǹpútà òun di ẹnu ọ̀nà sí pọ́ọ̀tù 443 lórí server ilé ìwòsàn, kí SSH má sì ṣe ohun mìíràn ju ìyẹn lọ. Yóò wá ṣí https://localhost:8443 nínú browser rẹ̀, software yóò sì jáde bí ẹni pé ó wà ní yàrá ìgbàlejò ilé ìwòsàn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà yóò béèrè bóyá ó dá server náà mọ̀, yóò gbé ìlà gígùn kan jáde tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SHA256. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kàn máa ń tẹ yes ni láìwo ohun tó wà níwájú wọn. Mo máa ń kọ ìlà náà sórí ìwé fún dókítà kó tó kúrò nílé ìwòsàn, kó lè fi wéra lẹ́tà sí lẹ́tà, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni ẹni tó lúgọ sójú ọ̀nà lè ṣe bí ẹni pé òun ni server. Mo sì tún máa ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi -g kún àṣẹ yẹn nítorí pé ó kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó dára. Àmì -g yẹn yóò jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn tó wà lórí Wi-Fi kan náà gba inú kọ̀ǹpútà dókítà dé ilé ìwòsàn.

Pọ́ọ̀tù kan ṣì máa wà ní ṣíṣí lórí router lẹ́yìn gbogbo èyí, èyíinì ni ti SSH fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń gbé e kúrò lórí 22 lọ sí 2222. Ariwo inú auth.log yóò dínkù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ààbò, kọ́kọ́rọ́ ni ààbò. Bẹ́ẹ̀ ni wàhálà mìíràn wà tí àwa tí a wà ní Nàìjíríà mọ̀ dáadáa: ọ̀pọ̀ router tó ń lo SIM kò ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló kó ọ̀pọ̀ oníbàárà pọ̀ sábẹ́ àdírẹ́sì kan, nítorí náà bí a bá ń tẹ port forwarding lórí router títí di ọ̀la, kò ní ṣiṣẹ́. Irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ lè háyà server kékeré kan níta, kí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ jáde lọ bá a pẹ̀lú ssh -N -R 127.0.0.1:9443:127.0.0.1:443, kí dókítà sì la ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tirẹ̀ dé 9443 lórí server náà. Àkọsílẹ̀ kankan kò sùn sórí server tí a háyà. Ó kàn ń gba ibẹ̀ kọjá ni, HTTPS sì ṣì wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n 127.0.0.1 tó wà níwájú 9443 yẹn ṣe kókó. Mo ti rí ibi tí oníṣẹ́ kan ti ṣí GatewayPorts lórí server tó sì fi 0.0.0.0 síbẹ̀, ìyẹn ni pé ó tún gbé ẹnu ọ̀nà náà padà síta gbangba lẹ́yìn gbogbo làálàá.

Ẹni tó bá ní WireGuard, irinṣẹ́ mìíràn tó ń la ọ̀nà abẹ́lẹ̀, ni òun fẹ́ràn jù, n kò ní bá a jà. Ó yá, ó sì láàbò, ó sì dára fún ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka méjì tó fẹ́ so pọ̀ títí láé. Fún dókítà kan tó fẹ́ wo fáìlì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, SSH ti tó.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù ni ti kọ́kọ́rọ́ àwọn tó ti lọ. Dókítà fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ lọ sí òkè òkun, oníṣẹ́ tó so nǹkan náà pọ̀ rí iṣẹ́ ní báńkì, akọ̀wé tó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ṣe ìgbéyàwó lọ sí Àbújá, kò sì sí ẹni tó rántí yọ orúkọ wọn. Oníkálukú gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kò gbọdọ̀ sí kọ́kọ́rọ́ àjọlò, ọjọ́ tí ènìyàn bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni kí wọ́n pa ìlà tirẹ̀ rẹ́ nínú authorized_keys. Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kejì 2024, ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n jí ni àwọn ọ̀daràn fi gba ojú ọ̀nà Citrix, tí òṣìṣẹ́ fi ń wọlé láti òde, wọ Change Healthcare, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn ilé ìwòsàn ṣètò ìsanwó, níbi tí wọn kò ti béèrè ẹ̀rí kejì lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé. Mílíọ̀nù 22 dọ́là ni wọ́n san fún àwọn ọ̀daràn náà, àwọn ènìyàn tí dátà wọn bọ́ sọ́wọ́ wọn sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 190. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan bá lè ṣe irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ báyìí, kí ni a ó sọ nípa ilé ìwòsàn tí gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń lo "admin" kan ṣoṣo nínú software? Ọ̀nà abẹ́lẹ̀ kò lè sọ fún yín ẹni tó ka fáìlì ta ni bí orúkọ gbogbo yín bá jẹ́ admin.

Òfin kò dákẹ́ lórí èyí. Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè ti 2014, ní abala 29, fi dandan lé e pé kí alákòóso ilé ìwòsàn ṣètò ohun tí kò ní jẹ́ kí ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ dé ìdí àkọsílẹ̀; abala kan náà sì ka á sí ẹ̀ṣẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá so kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ wà nínú rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn láìgba àṣẹ, tí ìjìyà rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ, tàbí ìtanràn 250,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ìyẹn kan oníṣẹ́ tó ń sáré tẹ Save náà. Òfin Ààbò Dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ dátà ẹlẹgẹ́, ó fún ilé iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò dátà, létí bí dátà bá jò lọ́nà tó lè pa àwọn ènìyàn lára, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù, fún àwọn tí òfin kà sí ẹni ńlá. Mílíọ̀nù méjì tàbí ìdá méjì kan náà ni ti àwọn yòókù.

Fún ìdí èyí ni mo ṣe ń rọ ẹgbẹ́ àwọn dókítà aládàáni kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí tábìlì ní ìpàdé wọn ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo sì ń rọ HEFAMAA, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò àwọn ilé ìwòsàn ní Èkó, àti àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ wọn ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, pé nígbà tí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn láti wo bẹ́ẹ̀dì, omi àti ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, kí wọ́n ní kí ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ṣí ojú ewé port forwarding lórí router níṣojú wọn, kó sì kó orúkọ gbogbo ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ síwájú wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, Ìbàdàn